Báàsì àti Tírẹ́bù fún Wáàsí Àáfà

Ẹni tí kò bá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tọrọ ìyàwó rí kò lè mọ bí àyà mi ṣe já lọ́dún náà. Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Ṣakí nígbà náà, ọmọ Àáfà àdúgbò wa ni mo sì fẹ́. Nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, Àáfà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Iṣẹ́ ariwo ni iṣẹ́ rẹ," ló wí. "Ní Ààwẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin tó jókòó sẹ́yìn ò gbọ́ wáàsí mi. Bùm-bùm ni wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ mi lọ́dún yìí, kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀. Bí ẹ̀rọ bá tún fi mí ṣẹ̀sín, má yà nílé mi mọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀bi bùm-bùm yẹn kì í ṣe tèmi o. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ẹ̀rọ lọ síbi ìnáwó ló ni ampilifáyà tó ń gbé ohùn sókè ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn ló sì gbà pé ohùn tí kò bá mi ilẹ̀ kì í ṣe ohùn. Ohùn Àáfà sì wúwo fúnra rẹ̀. Mo ní màá ṣe bọ́tìnnì méjì tó ṣeé yí sí i: ọ̀kan fún báàsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, èkejì fún tírẹ́bù, ohùn òkè tó ń jẹ́ kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete.

Bí ẹ bá yí tírẹ́bù, kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo ló ń gbé. Bíi pẹpẹ àwo inú ilé ìdáná ni: ẹ gbé pẹpẹ, gbogbo àwo orí rẹ̀ bá a lọ sókè, tìsàlẹ̀ ò mira. Ibi tó yẹ kí pẹpẹ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ló kó mi láyà sókè. Bí kápásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń yan ohùn tó máa kọjá, bá tóbi jù, ọ̀rọ̀ á dún bíi tẹni tó ń ti imú sọ̀rọ̀; bó bá kéré jù, kò ní ṣe nǹkan kan. Mò ń tú u, mò ń fi léèdì yíyọ́ jó o padà, léèdì jó mi níka. Nígbẹ̀yìn mo kó o sínú agolo bísíkíìtì, mo fi wáyà so ó mọ́ ampilifáyà. Àáfà fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sọ̀rọ̀ sí i. Mo dín báàsì kù, mo gbé tírẹ́bù sókè. Àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró, wọ́n ń gbọ́. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Òmùgọ̀ ni mí!

Ṣé Àáfà nìkan ló ń lo makirofóònù ni? Ajánásì ló kọ́kọ́ máa ń ké áyà Kùránì, Àáfà á wá túmọ̀ rẹ̀, ajánásì á tún ké òmíràn. Ohùn ajánásì wa sì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Èmi náà mọ̀, n kò kàn rántí ni.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì ọjọ́ kìíní Ààwẹ̀, èrò kún iwájú mọ́ṣáláṣí. Ajánásì la ẹnu, háànù tí wọ́n gbé sórí òrùlé hu. Àwọn èèyàn fọwọ́ di etí. Ẹnìkan ní, "Súbúhánáláhì! Ṣé wọ́n ń pa á ni?" Àáfà yíjú sí mi. Ojú yẹn! Mo fò mọ́ agolo mi, mo yí tírẹ́bù wálẹ̀ pátápátá, kéwú wá dùn létí. Mo mí kanlẹ̀. Àfi bí Àáfà ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀: bùm-bùm-bùm.

"A ò gbọ́ o!" làwọn obìnrin ké láti ẹ̀yìn.

Mo tún yí i sókè. Ó wá yé mi pé màá máa yí i lọ, màá máa yí i bọ̀ títí wáàsí á fi parí, kí n sì ti yí i kí ẹni tó kàn tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe mọ ibi tí áyà ń parí sí? Pàṣán ló lé mi kúrò nílé kéwú láti kékeré. Òógùn bò mí.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọ Àáfà láàárín àwọn obìnrin. Ó mọ Kùránì lórí, ó sì mọ ibi tí bàbá rẹ̀ ti máa ń dánu dúró. Bí áyà bá fẹ́ parí, á fa ìborùn rẹ̀ síwájú. Bí ìtumọ̀ bá fẹ́ tán, á tì í sẹ́yìn. Ojú mi ò kúrò lára ìborùn yẹn, ìka mi ò kúrò lórí bọ́tìnnì. Háànù ò hu mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì tún ké pé òun ò gbọ́.

Lẹ́yìn àdúrà, Àáfà pè mí.

"Ta ló ń sọ ibi tí áyà ń parí sí fún ọ?"

Mo gbààwẹ̀, irọ́ ò ṣeé pa. "Ọmọ yín ni, bàbá."

"Ìwọ ò mọ̀ ọ́n?"

"N ò mọ̀ ọ́n, bàbá. Ẹ foríjì mí."

Mo ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó wá ní àwọn obìnrin gbọ́ òun, òun ò sì ní yẹ àdéhùn. Àmọ́ òun ò ní fi ọmọ fún ẹni tí ọmọ náà yóò máa fọ̀nà hàn bí afọ́jú.

"Ọjọ́ tí o bá mọ ibi tí áyà ń parí sí fúnra rẹ, kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀. Lọ́la, lẹ́yìn Àsùbáà, wá sílé kéwú mi. Àárín àwọn tó ń kọ́ álífù ni kí o jókòó sí."

Mo lọ, tirùngbọ̀n tirùngbọ̀n. Mo kásẹ̀ jókòó láàárín àwọn ọmọ tí eyín iwájú wọn ti ká, wàláà lórí itan mi, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mò ń retí Àáfà. Ilẹ̀kùn ṣí. Kì í ṣe Àáfà. Ọmọ rẹ̀ ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ gbé àwọn ọmọ kéékèèké lé e lọ́wọ́, tòun ti pàṣán.

"Gbé wàláà rẹ sókè," ló wí, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo gbé e sókè kíá.