Akèrègbè Gogoro Ṣàngótẹ̀dó

Òórùn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Màmá, ìyá bàbá mi, ti gbé ìkòkò kaná látìdájí, ọtí àgbàdo sì ń hó yaya. Inú mi dùn débi pé mo ki bàtà òsì bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa ṣí ilé gogoro tí wọ́n kọ́ bí akèrègbè sí Ṣàngótẹ̀dó, kí èèyàn lè máa gun orí rẹ̀ wo ìlú. Ìrántí àwọn obìnrin tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ládùúgbò wa kí ẹsítéètì tó dé ni.

Màmá wà lára wọn. Ọtí yẹn ló fi rán bàbá mi níléèwé. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ẹsítéètì ti mọ ògiri yí ibi àrò tó ti ń pọn ọtí náà ká, kò fojú kàn án mọ́. "Kí n ṣáà rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú." Ohun tó ń wí ṣáá nìyẹn.

Nígbà tí a dé ilé gogoro náà, ẹ̀ṣọ́ dá wa dúró nídìí àtẹ̀gùn. "Màmá, ẹsẹ̀ yín ò lè gbé e o. Ẹ jókòó, kí ọmọ lọ bá yín wò ó."

"Akèrègbè mi lẹ fi kọ́lé, o wá ní kí n má wọ̀ ọ́? Yàgò fún mi jàre!"

Mo sáré gòkè bí ọ̀kẹ́rẹ́. Háà, ayé mà tóbi o! Òkun rèé, ọ̀sà rèé, òrùlé lọ salalu títí dé Ajah. Ṣùgbọ́n mi ò rí ibi àrò. Mo ń sáré láti fèrèsé dé fèrèsé, ẹkún ti fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Màmá?

Ó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó nu ojú, ó yíjú lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ó wà níbẹ̀! Abẹ́ àgbọn tó tẹ̀ yẹn ni!"

Lóòótọ́, igi kan ṣoṣo ló dúró láàárín àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ń fò, Màmá ń jó lórí ìjókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú ẹ̀. "Ṣé mo purọ́ fún ẹ? Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àwọn àgbà fi ń rẹ́ wa jẹ ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo sọ ìtàn àgbọn yẹn fún ọmọbìnrin mi, mo sì mú un lọ sí ilé gogoro náà. Ó ti dókè tipẹ́ kí èmi tó dé, orúnkún ń ro mí gan-an. Màmá ti lọ. Wọ́n ti gé àgbọn náà, wọ́n sì ti fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí.

"Mọ́mì, mi ò rí igi kankan o!"

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì Màmá, mo yíjú lẹ́ẹ̀kan.

"Ó wà níbẹ̀," mo ní.