Òjé Tó Wà Nínú Irin Ìwọ̀n

Òórùn irin kì í tètè kúrò lára àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ẹ fi kànìnkànìn bó o, bí ẹ bá gbé òkèlè sẹ́nu báyìí, irin náà ni imú yóò kọ́kọ́ gbọ́. Mo rántí ìgbà tí ọwọ́ mi ń rùn bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Káfíńtà ni mí ní ọ̀sán, bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo di ọ̀gá àwọn agbérin. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ara mi kò ju ti ẹni tí atẹ́gùn ọ̀sà lè gbé lọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa ro ohun tí àwọn tó lágbára yóò gbé, àti bí wọn yóò ṣe gbé e, mo sì ń ṣe fọ́ńté lórí rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo dá irin sáyé.

Ìkòròdú ni mo ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ káfíńtà ló gbé mi débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ọ̀gá mi jẹ́ sójà tó ti ogun Bọ́ma dé, ó sì ní irin gígùn kan tó yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù tó ti bàjẹ́, tó da sìmẹ́ńtì sínú agolo kẹrosíìnì lórí méjèèjì. Ọkùnrin yẹn kì í gbé irin kó jù ú sílẹ̀. Yóò gbé e láti ilẹ̀ dé itan, láti itan dé àyà, yóò nà án sókè orí, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn, yóò lóṣòó, yóò dìde, kí irin tó tún fojú kan ilẹ̀. “Ṣé iná ń jó ẹ lọ́wọ́ ni?” ni yóò wí fún ẹni tó bá tètè jù ú sílẹ̀. Ọ̀wọ́ la ń pe irú gbígbé bẹ́ẹ̀. Bí irin bá kan ilẹ̀ kí ọ̀wọ́ tó pé, ẹni náà yóò tún un bẹ̀rẹ̀ látorí.

Nígbà tí mo padà sílé, mo kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Èyí tó dáa jù nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ apẹja, tí èjìká rẹ̀ ti ki nídìí àjẹ̀. A rí irin gígùn, a da sìmẹ́ńtì sí i. A fi ọ̀pá irin kéékèèké so agolo mílíìkì pọ̀ ní méjì méjì, a da sìmẹ́ńtì sí ìyẹn náà, a ń fi wọ́n ṣe ti ọwọ́ kan. Ohun tó kù wá kù ni irin olórí ńlá tó ní ìdìmú lórí, èyí tí èèyàn lè fì láàárín ẹsẹ̀ kó sì gbé e gun èjìká. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú rẹ̀ lágbègbè wa, ìyẹn ọkùnrin tó ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Elékùrọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ń rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà rẹ̀ tó kọjú sí ọ̀sà. Á kó èkùrọ́ sí apá kan, á gbé irin sí apá kejì, ìgbà tí méjèèjì bá dọ́gba ló tó ń sanwó. Lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, irin ń sùn. Ó yá wa ní ọ̀kan, ó fún wa láyè nínú àgbàlá rẹ̀, a sì ń pè é ní Bàbá Ẹgbẹ́. Orúkọ yẹn ń dùn mọ́ ọn nínú ju oyin lọ.

Àwọn agbérin Ìkòròdú wá ránṣẹ́ sí wa pé lẹ́yìn Iléyá, kí á wá fi ara wa hàn. Ni mo bá jókòó, mo to ọ̀wọ́ kan tó jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni yóò máa ṣiṣẹ́: irin olórí ńlá kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí apẹja fì wọ́n sókè sí èjìká, kó na ti òsì, kó na ti ọ̀tún, kó lóṣòó, kó dìde, kó na méjèèjì pọ̀. Mo lọ bẹ Bàbá Elékùrọ́ fún irin kejì. Ó ká ẹnu kò. “Ṣé ọ̀kan ò tó yín ni?” Mo ní, “Bàbá, a fẹ́ kí àwọn ará Ìkòròdú mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn wa.” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá. Ó nawọ́ sí èyí tó wà lábẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ó dájú pé ó rò pé ẹni tó ń gbé irin kò ní ọpọlọ.

Àtìgbà náà ni apá òsì apẹja ti ń kọṣẹ́. Bí ó bá gbé e dé èjìká, apá ọ̀tún á nà ṣọ̀ọ̀, ti òsì á máa gbọ̀n. Mo bú u títí ẹnu mi gbẹ. “Obìnrin tí ò ń lé kiri ní Ọjà Olúwo ló ń jẹ agbára apá òsì ẹ yẹn!” Ó ní, “Ọ̀gá, apá yìí náà ló ń bá mi fa àwọ̀n o.” Mi ò gbọ́. Mo tún ọ̀wọ́ náà tò, mo fi agolo mílíìkì kún ti apá òsì kó lè le sí i, mo dín fífì kù, mo ní kí òsì máa ṣáájú ọ̀tún. Gbogbo ọgbọ́n orí mi ni mo lò, pàbó ló já sí. Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, apẹja sọ irin kalẹ̀ láti mumi. Nígbà tó padà dé, ó gbé wọn lódìlódì, ti òsì bọ́ sí ọ̀tún. Wàyí o, apá ọ̀tún ló wá ń gbọ̀n! Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ti bú apá mi tó. Inú irin ni kí ẹ lọ bú.”

Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tẹ̀ sára irin méjèèjì. Mo gbé pákó lé igi róbótó kan láàárín, a gbé irin kan sí ìhà ìhín, a gbé ìkejì sí ìhà ọ̀hún. Èyí tó ti abẹ́ ìwọ̀n wá já wálẹ̀ gbì. Apẹja dojú irin náà délẹ̀. Ihò kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ẹ fẹ̀, wọ́n sì rọ nǹkan sínú rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha á, ó ń dán. “Òjé ni,” ó ní. “Irú èyí tí à ń fi sẹ́tí àwọ̀n kó lè rì.”

Ha! Orí mi gbóná. Gbogbo ìyá tó ń gbé èkùrọ́ wá síbẹ̀, òjé yẹn ni wọ́n ń bá dọ́gba kó tó sanwó fún wọn. Ọ̀fẹ́ ló ń gba ẹ̀kún àwo lọ́wọ́ wọn! Ìyá tó bí mi wà nínú wọn. Àárín òkúta méjì ni obìnrin yẹn ti ń fọ́ èkùrọ́ lójoojúmọ́ ayé, tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi dúdú tó sì sán. Olè ni bàbá yìí! Olè tó wọ agbádá, tó ń jókòó ní sàfù iwájú ní mọ́sáláṣí, tí àwa òmùgọ̀ sì ń pè ní Bàbá Ẹgbẹ́!

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, a gbé irin méjèèjì lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin to àwo wọn sí. A gbé wọn sórí ìwọ̀n tirẹ̀ gan-an, ọ̀kan sí apá kan, ọ̀kan sí ìkejì. Ìwọ̀n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kígbe pé, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ń jà yín lólè!” Mo rò pé ọjà yóò dàrú. Kò dàrú. Ẹnì kan ní “Hùn-ún,” àwọn tó kù ń tún gèlè wé. Ìyá mi di etí àwo rẹ̀ mú, kò wojú mi. Ìbẹ̀rù ni mo pè é.

Bàbá Elékùrọ́ kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní, “Irin tèmi, àgbàlá tèmi, òun lẹ fi wá tú mi sí ìhòòhò lójú ọjà?” Àwọn àgbà àdúgbò dé. Wọ́n ní kó yọ òjé náà. Ṣísù tèmi, irin tí mo fi ń gbẹ́ pákó, ló yá láti fi yọ ọ́! Nígbà tó yọ ọ́ tán, wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ kí n bẹ bàbá, pé mo ti dójú ti àgbàlagbà. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” Àkísà! Kí ló kan àkísà nínú ọ̀rọ̀ òjé? Olè dúró, ẹni tó mú olè dojú bolẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Àyà mi kan ilẹ̀.

Bàbá Elékùrọ́ gba irin rẹ̀, ó lé wa kúrò nínú àgbàlá, ìrìnàjò Ìkòròdú sì forí ṣánpọ́n. Mo fi ọ̀kan tu ara mi nínú, pé ó kéré tán ìyá mi yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo rí i tó ń bọ̀ tòun ti àwo lórí, èkùrọ́ kún un dẹ́múdẹ́mú.

“Ìyá, ẹ ò tà á ni?”

“Ó ti gbé asẹ́ síta,” ló dáhùn. “Gbogbo àwo ló ń jọ̀. Ó ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ wò. Ó ní èèpo pọ̀ nínú tèmi, ó ní ó tutù.”

“Irọ́ ni! Ìwọ̀sí ni!” Mo ti ọwọ́ bọ inú àwo. Ó tutù. Àfọ́kù èèpo rẹ̀ gún mi lọ́wọ́. Mo wojú rẹ̀. “Ìyá, ta ló bu omi sí i?”

“Èmi ni. Gbogbo wa là ń bù ú. Ìwọ rò pé orí tó ru ẹrù láti oko ò mọ bí ẹrù òun ṣe tó ni? Irin ẹ̀ ti wúwo kí o tó mọ̀ ọ́n gbé. Ó fi òjé kún tiẹ̀, a fi omi kún tiwa, bá a ṣe ń bá a yí i nìyẹn.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pariwo?”

Ó sọ àwo kalẹ̀, ó rọra ń tú ọ̀já. “Fún ta ni? Ẹ̀yin tí ẹ pariwo, ta ló dọ̀bálẹ̀?”

Ó da èkùrọ́ sórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè gbé e padà lọ fún ọkùnrin yẹn náà.

Mo ti darúgbó báyìí, ìyá mi àti bàbá yẹn ti kú. Àdúrà rẹpẹtẹ ni wọ́n ṣe fún Bàbá Elékùrọ́ lọ́jọ́ tó kú, ẹlòmíràn sì máa ń sọ fún mi títí dòní pé ó gbìyànjú fún àwa agbérin. Ara mi á máa ta bí ẹni jẹ ata. Ìyá mi kì í pa ìrun jẹ. Bí ẹ bá fún un ní ṣéńjì tó lé, yóò fi ẹsẹ̀ rìn padà wá fún yín, ìbáà jẹ́ nínú òjò. Bí obìnrin yẹn bá ṣe àlùwàlá ìdájí tán, tó kírun tán, omi tó bá ṣẹ́kù nínú kẹ́tùrù ni yóò wọ́n sórí èkùrọ́. Òjé tí bàbá yẹn rọ sínú irin, a yọ ọ́. Ohun tí mi ò tíì lè dárí rẹ̀ ji bàbá náà ni omi inú kẹ́tùrù yẹn.