Òkú Tó Ń Ṣe Àmín

Ibà dá Arákùnrin Radbod dúbúlẹ̀ ní oko tó ti ń da àgùntàn wa. Ìròyìn dé ilé ìsìn àwa mọ́ńkì ajẹ́jẹ̀ẹ́ pé ó ti kú. Gozbert akọ̀wé wa kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òkú, èyí tí a máa ń kà bí ọjọ́ ikú ẹnìkan bá yí po. Kò pẹ́ ni Radbod fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀bẹ ha orúkọ mi kúrò lára awọ ìwé náà."

Bàbá Olórí ilé wa kọ̀ jálẹ̀. "Orúkọ tí a ti kọ síwájú Ọlọ́run? Ta ni yóò fi ọ̀bẹ kàn án?"

Ìwà ìkà ni mo pè é, ohun tí mo sì ń pè é títí dòní nìyẹn. Lọ́dọọdún, wọ́n á ka orúkọ Radbod láàárọ̀, wọ́n á sì gbé búrẹ́dì rẹ̀ fún alágbe, bí a ti ń ṣe fún òkú.

"Òkú, ṣé o jí ire?" Gozbert á máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

 Bí wọ́n bá ka orúkọ náà, Radbod á kàn tẹrí ba, á fi ohùn rẹ̀ tó há ṣe "Àmín" fún ara rẹ̀. Kò lárá, kò níyekan.

Nígbà tó kú lóòótọ́, mo ní kí Gozbert kọ ọ́.

"Kí n kọ kí ni? Ṣebí ó ti wà níbẹ̀!"

Lọ́dún yẹn, wọ́n ka orúkọ rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ohùn kan dín nínú Àmín wa, èmi nìkan ló sì mọ̀.