Àtúntẹ̀ Ìwé Ojú Àwọn Ará Ìdí-Obì

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ọdún 1994, obìnrin olùkọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà gbé ìwé kan wọ ilé ìtẹ̀wé Nehemiah Ọ̀nàọlápọ̀ ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Nehemiah kò fọwọ́ kàn án. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó ti rí ìwé náà gbẹ̀yìn, ó sì ti dá a lójú pé kò sí ẹ̀dà kan tí ó ṣẹ́ kù láyé.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, sà?" ni obìnrin náà wí. Olúwatómisìn Gbádéyan ni orúkọ rẹ̀.

"Èmi ni. Níbo lo ti rí i?"

"Nínú àpótí bàbá mi, lábẹ́ aṣọ. Mo kà á gbó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ikán ti jẹ ewé díẹ̀ nínú rẹ̀, láti ojú ìwé ọgbọ̀n sí márùndínlógójì. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ tún un tẹ̀."

Àjàgbé, tí ó ti ń to lẹ́tà òjé fún Nehemiah láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú, yọ orí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. "Tún kí ni tẹ̀? Ẹ̀yin tíṣà yìí, ẹ kò kúkú níṣẹ́ ṣe."

Ìwé tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí yìí kì í ṣe ìwé ìtàn gan-an. Láti ọdún 1969 ni Nehemiah ti ń tẹ ìwé ìtàn alàwòrán kan jáde lóṣooṣù, nípa ìlú kan tí ó sọ ní Ìdí-Obì, ìlú tí kò sí níbì kankan àfi nínú orí rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé Òṣogbo àti Iléṣà a máa dúró de ọjọ́ tí yóò jáde. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Ìdí-Obì pọ̀ débi pé àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà béèrè ẹni tí ó bí ẹni. Nítorí náà, ní ọdún 1976, ó to gbogbo wọn sínú ìwé kan, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ó lé mẹ́rin, ẹnì kan lójú ìwé kan: ojú rẹ̀, orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti kọ bóyá ẹni náà wà láàyè nínú ìtàn tàbí ó ti di olóògbé.

"Àwọn ìtàn tí ìwé yìí ń tọ́ka sí dà?" Àjàgbé kò tíì fi obìnrin náà sílẹ̀. "Wọ́n ti run. Ẹ wá fẹ́ kí á tẹ ìwé tí ó ń ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí kà mọ́. Ó dà bí ẹni tí ó ń tẹ káàdì ìpè síbi ìyàwó tí wọ́n ti gbé ní ogún ọdún sẹ́yìn."

"Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn, Bàbá. Ìtàn ti lọ. Ìwé yìí nìkan ló kù tí a fi lè mọ̀ pé wọ́n gbé ayé rí. Mo kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Láti inú oríkì yẹn ni wọ́n ti ń hun ìtàn tó sọnù fúnra wọn."

"Ta ni yóò rà á?"

"Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yóò gba igba ẹ̀dà."

"Ìjẹ̀ṣà yóò ra ìwé igba? A jẹ́ pé iṣu ti wọ́n lọ́jà yín."

"Iṣu pọ̀, sà. Ìwé ni kò sí."

Àjàgbé rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nehemiah, tí òun náà jẹ́ ọmọ Iléṣà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé, sà?"

"Tà á fún mi. Iye tí o bá fẹ́."

Tómisìn rọra gbé ìwé rẹ̀ padà sínú àpò. "Kì í ṣe títà, Bàbá," ni ó wí, ó sì dágbére.

Àléébù kan ni Nehemiah ní nígbà tí ó ń ya àwòrán: kò lè dá ojú ènìyàn ṣẹ̀dá. Ó ní láti rí ojú kan kí ó tó lè gbẹ́ ẹ sára pátákó tí ó fi ń tẹ̀wé. Nítorí náà a máa jókòó síwájú ìta, a máa ya àwọn tí ń kọjá, àwọn ará àdúgbò sì ń fi í yangàn pé àwọn wà ní Ìdí-Obì. Ojú tí ó wà lójú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n jẹ́ ti Lucy, ọmọ ìdílé Ọdúntán, àwọn ará Iléṣà tí wọ́n ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba tí wọ́n sì ń gbé ní yàrá tí ó kángun sí ilé ìtẹ̀wé. Nínú ìtàn, Àbẹ̀ní ni ó sọ ọmọ náà. Àbẹ̀ní kú sómi, àwọn òǹkàwé sunkún, ìwé oṣù náà sì tán lórí àtẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tẹ ojú ìwé yẹn, pósítà òkú bàbá ìjọ kan wà lórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà, OLÓÒGBÉ, ti wà ní títò, tí wọ́n fi okùn dì, lórí àwo. Dípò kí ó dúró kí Àjàgbé to òmíràn, Nehemiah gbé e fúnra rẹ̀, ó sì fi í sábẹ́ ojú ọmọ náà.

"Ọ̀gá," ni Àjàgbé wí nígbà náà, "ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi kọjá níta ni o."

"Àbẹ̀ní ló kú. Ta ló pe Lucy?"

Nínú ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tí Lucy wọ̀ lọ sí Iléṣà ṣubú lójú ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ìyá rẹ̀ kò bá Nehemiah jà. Ó wọlé ní ọjọ́ kẹjọ, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó ṣí i sí ojú ìwé yẹn, ó sì jáde. Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Iléṣà. Nehemiah wá gbogbo ẹ̀dà ìwé náà àti ti ìwé ìtàn oṣooṣù tí ó lè rí kiri, ní ṣọ́ọ̀bù àti ní iléèwé, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta sun wọ́n. Àwọn pátákó ojú wọ̀nyẹn ni kò lè dáná sun. Ó kó wọn sí àjà. Láti ọjọ́ náà ni ìlú Ìdí-Obì ti pa rẹ́, Nehemiah kò sì gbẹ́ ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, tí kò sì sọ fún alùfáà rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni láti ibi ẹ̀rọ omi dé ẹnu ọ̀nà tí í ṣe ti Ọdúntán tẹ́lẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá dákẹ́, a máa gbọ́ ìró irin ọwọ́ garawa, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì. A máa kà á. Nígbà mìíràn ó ń pé mẹ́sàn-án, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Kò pé mọ́kànlá rí. Nehemiah a sì jókòó, kò ní mira, a máa retí ìṣísẹ̀ tí ó kù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Tómisìn padà wá, òun àti ìyá àgbàlagbà kan. Ìyá náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ìdúró yẹn ni Nehemiah fi mọ̀ ọ́n.

"Mo ń wá ẹ̀dà mìíràn kiri Iléṣà nítorí àwọn ewé tí ikán jẹ," ni Tómisìn ń ṣàlàyé. "Mo dé ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń wá ojú ìwé kan, wọn kò rí i."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ni Nehemiah wí.

"Màmá wo? Ẹ pè mí bí ẹ ti máa ń pè mí, Bàbá Ìlérí."

Nehemiah fa àga kan síwájú fún un. "Ìyá Lucy."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó wọlé nígbà náà, ó sì jókòó. "Ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe òkú òfò. Wọn kò jẹ́ kí á mọ ibojì rẹ̀. Ọkọ mi sun aṣọ rẹ̀, ó sun gbogbo fọ́tò, èmi náà ni mo kó wọn fún un. Wọ́n ní bí a bá ń wojú rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó kù kò ní dúró. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá di ojú mi báyìí, aṣọ iléèwé rẹ̀ ni mo ń rí. Kò sí ojú lórí aṣọ náà."



"Ìyá Lucy, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn..."

"Mo mọ ohun tí ẹ kọ. Mo ń bú yín ní ìkọ̀kọ̀ fún ọdún púpọ̀. Mi ò tíì sọ pé mo dárí jì yín o. Ó rẹ̀ mí ni. Tíṣà yìí ní pátákó rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ yín. Ojú ọmọ mi ni mo wá gbà."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gun àjà," ni Àjàgbé wí.

"Pẹ̀lú orúnkún wo?" Nehemiah fúnra rẹ̀ ni ó gbé àkàbà. Eruku bọ̀ ọ́ lójú kí ó tó rí èyí tí ó ń wá. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi àkísà nù ún, ó sì rí i pé kòkòrò ajẹgi ti dá ihò wẹ́wẹ́ méjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, èkínní lókè èkejì. Ìyókù dá ṣáká.

Nehemiah ní òun yóò tún ìwé náà tẹ̀, kí Àjàgbé bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé yìí. Àjàgbé to orúkọ, ó to oríkì bí ó ti rántí wọn, ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró. "Kí ni n ó tò síbí?"

"Àtúntẹ̀ ni, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó yẹ..." Tómisìn bẹ̀rẹ̀, kò sì parí rẹ̀.

Ìyá Lucy ni ó dáhùn. "Àbẹ̀ní lẹ ní ó kú, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n lórí tèmi, ẹ má kọ nǹkankan. Ẹ má kọ orúkọ pàápàá."

Nehemiah fi íńkì ra pátákó náà, ó tẹ ewé ìwé kan ṣoṣo, ojú lásán, ó sì gbé e fún un. Ìyá náà dìde, ó mú un lọ síbi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó pẹ́. Ẹ̀sùn tí ó ti ń múra ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1977 ni Nehemiah ń retí.

"Bàbá Ìlérí," ni ó wí, "ṣé bí ó ti rí nìyí?"

Nehemiah wá ojú ọmọ náà nínú ọkàn ara rẹ̀. Kò rí nǹkankan níbẹ̀ ju ipa ọ̀bẹ tirẹ̀ lọ, ìlà kan, ìlà kejì, bí ó ti gbẹ́ wọn. Òun náà kò mọ̀ mọ́.

Ìyá Lucy ti gbé ìka sórí àmì funfun méjèèjì tí ihò ajẹgi fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà. "Àwọn àmì yìí," ni ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ wo bí mo ti gbàgbé pé ó ní wọn."

Àjàgbé yí ojú sí ọ̀gá rẹ̀. Nehemiah ń wo ìka ìyá náà lórí àwòrán.

"Bí ó ti rí nìyẹn," ni ó wí.

Ìyá Lucy ká ewé ìwé náà sínú gèlè rẹ̀, ó sì lọ pẹ̀lú Tómisìn láti wọ ọkọ̀ Iléṣà. Ní oṣù kẹrin, igba ẹ̀dà jáde, tí ojú àwọn ará Ìdí-Obì pé sínú rẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, Àjàgbé gbé ìda wá láti fi dí ihò méjèèjì, nítorí iṣẹ́ tí ó mọ́ ni ó fẹ́ràn. Nehemiah gba ìda náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìyá ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n.