Funfun Tó Fọ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi tó ń gbé ní Sakété, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń sọ fún bàbá wa pé kí wọ́n yọ mí kúrò nílé ìwé, pé ọmọ tó ń sọ Faransé kì í mọ ọbẹ̀ sè. Bàbá kò gbà fún un. Mo kàwé, mo di olùkọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì, mo kọ́lé sí Pobè.

Nígbà tí ojú ìyá wa ń ṣe bàìbàì, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n wà, ní Sakété. Mo fẹ́ kí wọ́n wá bá mi gbé. Mo ra agolo ọ̀dà kékeré méjì, mo ní kí akunlé fi méjèèjì kun ògiri yàrá tí mo yà sọ́tọ̀ fún wọn nílé mi díẹ̀díẹ̀ kí n lè yan ọ̀kan. Ọ̀kan funfun bí ògì. Èkejì náà funfun, àmọ́ ó pọ́n díẹ̀, bí èèpo ẹyin adìẹ ìbílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó. Ó na ọwọ́ sí èyí tó pọ́n.

"Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì, kí ni wọ́n kọ sára agolo yìí?"

"Bùláǹ kasé."

"Kí nìyẹn?"

Ǹ bá ní funfun tí kò mọ́ gaara ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ìwé hàn án, mo túmọ̀ Faransé náà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan: "Funfun tó fọ́."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ojú Màámi ń fọ́ lọ, o tún fẹ́ gbé wọn sínú funfun tó fọ́! Ṣé kó lè fọ́ tán ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ọ̀dà lásán ni."

"Kun èyí tó funfun bí ògì nígbà náà."

Èyí tó funfun bí ògì ló dára jù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n torí pé òun ló yàn án, bùláǹ kasé ni mo fi kun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá kò wá. Mo gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ti ròyìn "funfun tó fọ́" fún wọn. Mi ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́, mi ò sì dé Sakété, tí alùpùpù kì í pẹ́ dé, títí ìyá fi kú síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà.

"Màámi ti di ẹrù wọn sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bèèrè ìgbà tí wọn ó wá, èmi ni mo ń sọ pé o ní ọ̀dà kò tíì gbẹ."