Ayùn Lórí Kọ́nà Wẹ́dà

Àwọn tí Ìyá Eléyín ń ṣiṣẹ́ fún kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó bá àwọn ṣe nǹkan kan. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe. Dókítà eyín á fi àpẹẹrẹ ẹnu oníbàárà ránṣẹ́ sí i, òun á da ẹfun tí a fi omi pò sínú rẹ̀, ẹfun náà á gbẹ, á le bí òkúta, á sì di párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnìkan lórí tábìlì rẹ̀. Nígbà mìíràn, ogójì párì á tò sórí pẹpẹ, gbogbo wọn á yanu sílẹ̀, kò sì ní sí èyí tí ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ pé ohun tó mú òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà nìyẹn.

Níbi iṣẹ́, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé, bí ó bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó gba ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé wọ yàrá tí Ẹgbẹ́ Rélùwéè Kékeré ń lò, orúkọ yẹn á dúró sí ìta dè é. Ìyàwó ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọkọ tó sọ ọ́ di ìyàwó sì ti lo ọdún méjì nínú ilẹ̀.

Wẹ́dà, ẹni tí ń jó irin pọ̀ mọ́ irin, ni ọkọ náà. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko, kò sí Sátidé tí kì í jáde nílé, á ní òun ń lọ sẹ́gbẹ́, á sì padà dé pẹ̀lú inú dídùn tí kò jọ ti ẹgbẹ́ kankan tí Ìyá Eléyín mọ̀. Ìyá Eléyín gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé obìnrin mìíràn ló ń lọ bá. Ó tilẹ̀ ti mọ irú ẹni tó máa jẹ́: apọ́nbéporẹ́ kan tí ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín, tí eyín rẹ̀ sì pé. Nígbà tí wẹ́dà kú, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí kò rí rí wá kí i, wọ́n ní kó wá wo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó wọ bàtà tó ṣeé fi sáré, ó múra ìjà. Ohun tó bá nínú yàrá náà ni tábìlì tó gùn ní mítà mẹ́rin, tó fẹ̀ ní mítà méjì, tó ru òkè, odò, afárá àti ibùdókọ̀ méjì, tí ọkọ̀ ojú irin tí kò gùn ju apá ènìyàn lọ sì ń sáré yí gbogbo rẹ̀ ká. Ó wò ó títí. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ì bá ṣe obìnrin ni, òun ì bá mọ bí òun yóò ṣe bá a jà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó padà lọ, kò sì tíì dáwọ́ lílọ dúró.

Pẹ̀lú rẹ̀, ẹgbẹ́ náà jẹ́ ẹni mẹ́rin. Bàbá Gáàdì ni alága. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi fọn fèrè nínú ọkọ̀ ojú irin gidi kó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló ní sí ohun tí wọ́n kọ́, kì í sì í jẹ́ kí Sátidé kan kọjá láìrò ó: ọkọ̀ náà kì í dún. Ó ní ọkọ̀ tí ń rìn bí ológbò, kí wọ́n kúkú máa fún un lẹ́ja jẹ. Ẹnì kejì ni Onígbàjámọ̀, tó ṣe gbogbo igbó orí tábìlì náà. Irun tó gé lórí àwọn oníbàárà rẹ̀ ló rẹ sínú aró aláwọ̀ ewé, ó lè na ìka sí igi kan kó sọ ẹni tó ni ín fún ọ, àti ọdún tí orí onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Ẹnì kẹta ni Káfíńtà, tó kan tábìlì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi lé Ìyá Eléyín lọ́wọ́ ni èrò ọkọ̀. Èròjà tó fi ń ṣe eyín náà ló fi ń mọ wọ́n, wọn kò ga ju èékánná lọ, wọ́n sì ń dúró nínú ibùdókọ̀ pẹ̀lú ẹrù àti sùúrù. Kì í fọwọ́ kan irin, nítorí òfin ẹgbẹ́. Òfin náà kò sí nínú ìwé, ó sì le ju èyí tó wà nínú ìwé lọ: ẹni tó bá tẹ́ irin ló ni ín. Òun ló ń tún un ṣe, bí ọkọ̀ bá sì ṣubú níbẹ̀, òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí onírin bá kú, kò sí ohun èlò tó tún gbọ́dọ̀ kan irin rẹ̀ mọ́, àfi aṣọ tí a fi ń nu eruku.

Irin òkú kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì náà, Kọ́nà Wẹ́dà ni wọ́n ń pè é. Àárín gbùngbùn ló wà, níbi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tó sì yí bọ́ sórí afárá. Ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, wọ́n sì jó o pọ̀ débi pé èékánná kò lè rí ojú ibi tí irin ti pàdé irin. Ọkọ̀ kò ṣubú níbẹ̀ rí. Bàbá Gáàdì máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni olóògbé tẹ́ ẹ, ó tẹ́ ẹ tán, ó nu ọwọ́, ó jókòó. Ìyá Eléyín a máa gbọ́ ìtàn náà nígbà tó bá ń fi aṣọ nu kọ́nà ọ̀hún lọ́wọ́. Aṣọ ọkọ rẹ̀ ti lọ fún àwọn ẹbí, irinṣẹ́ rẹ̀ ti lọ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kọ́nà yìí nìkan ló kù tí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣì wà lára rẹ̀.

Ó wá di oṣù kan tí Onítẹ̀wé, tó ni ilé, ní ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀ àti pé òun fẹ́ lo yàrá òun kí oṣù tó parí. Kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ilé ìkàwé ti ní àwọn ní yàrá kan tí àwọn òǹkàwé kò yọ lẹ́nu. Ní Sátidé kan, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n gbé tábìlì dìde, wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà, tábìlì sì kọ̀. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n gbé e nàró, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síwájú. Ẹnu ọ̀nà tóóró, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ́ kọ́nà, òkè orí tábìlì sì ga ju ohun tó lè gba ibẹ̀ kọjá lọ. Inú yàrá yẹn gan-an ni Káfíńtà ti kan án, pákó kan lónìí, pákó kan lóṣù tó ń bọ̀, fún ọdún mẹ́wàá. Fèrèsé ni wọ́n yíjú sí, ṣùgbọ́n irin ló wà lójú rẹ̀, wẹ́dà fúnra rẹ̀ ló sì jó o mọ́ ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ń tú ohun tí ó bá ti jó.

Onígbàjámọ̀ jókòó sílẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀.

“Káfíńtà, ilẹ̀kùn mélòó lo ti kàn láyé rẹ?”

“Wọn ò níye.”

“Ìkankan nínú wọn ò wá sọ fún ọ pé wọ́n máa ń gbé nǹkan gba inú àwọn kọjá?”

“Ta ló ń bi ẹni tó kọ́lé pé báwo ló ṣe máa gbé ilé náà jáde?” ni Káfíńtà fèsì, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dun òun ju bó ti ń dun ẹnikẹ́ni lọ.

Bàbá Gáàdì lọ bẹ Onítẹ̀wé pé kó jẹ́ kí àwọn fọ́ ògiri. Onítẹ̀wé gbọ́ ọ tán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ní ògiri yẹn ló ru òrùlé. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́wàá. Káfíńtà ní kí àwọn gé tábìlì sí mẹ́ta, olúkúlùkù sì yọ̀ǹda irin tirẹ̀, èyí tó ṣeé tú láìfi ayùn kàn án. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti fa ìlà náà tó, ibi yòówù tí wọ́n bá gbé e gbà kí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan tó lè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, àárín Kọ́nà Wẹ́dà ló ń kọjá. Bàbá Gáàdì ní kò ṣeé ṣe. Ó ní bí ayùn Káfíńtà bá gba ibẹ̀ kọjá, yóò jẹ irin náà bí eku ti ń jẹ ìwé, ọkọ̀ kankan kò sì ní í lè yí níbẹ̀ mọ́. Kí òun tó fi ojú òun rí i, kí wọ́n kúkú fọ́ tábìlì náà, òun á kó ọkọ̀ sínú páálí lọ sílé. Ìyá Eléyín mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá náà sọ nípa ayùn. Bí wọn kò bá gé e, yóò pàdánù kọ́nà náà. Bí wọ́n bá gé e, ó lè pàdánù rẹ̀ bákan náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ti yọ̀ǹda ayùn.

Ní ọjọ́ Ajé, ó ń gé párì kan níbi iṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí: kí wọ́n tó gé párì ẹfun, wọ́n á kọ́kọ́ gbin ìṣó idẹ sábẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ayùn tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé yóò gba àárín eyín àti eyín kọjá. Eyín á ṣeé yọ, a ó ṣe iṣẹ́ lára rẹ̀, a ó sì dá a padà. Ìṣó yóò wọ ihò tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, eyín yóò sì jókòó síbi tó wà kó tó kúrò, kò ní yẹ̀ ní ìwọ̀n irun. Ó ti ń ṣe èyí fún ọgbọ̀n ọdún. Ó wo párì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé párì náà ló sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó kó àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà jọ sí yàrá ẹgbẹ́, ó sì ṣàlàyé. Bàbá Gáàdì mi orí.

“Ìyàwó, eyín kọ́ nìyí.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Eyín le jù ú lọ. Ọkọ̀ tó bá ṣubú, ẹ ó gbé e dìde. Eyín tó bá yẹ̀ bíńtín, ẹni tó ni ẹnu á ti kanlẹ̀kùn mi kílẹ̀ tó mọ́.”

Bàbá náà tún ìtàn sọ: ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tẹ́ ẹ, irú rẹ̀ kò sì ní í ṣeé tún tẹ́. Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n kàn jẹ́ kí òun wo abẹ́ rẹ̀. Ó ká aṣọ tí wọ́n ta yí ẹsẹ̀ tábìlì ká, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ibẹ̀ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Káfíńtà ti ń wo ojú Onígbàjámọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ tí ẹ̀rín ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rín tí kò ṣeé dá dúró.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó.”

Orúnkún Bàbá Gáàdì kì í gba irú ìpè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù dì í mú, wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ olówó iyebíye. Ihò ló rí. Ìlà ihò kan tẹ̀ lé òmíràn lábẹ́ pákó, gbogbo wọn tẹ̀ bíi kọ́nà, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun pákó dí wọn mọ́ níní. Ìlà mọ́kànlá. Ìgbà mọ́kànlá ni wẹ́dà ti tẹ́ kọ́nà náà, tó fà á tu, kó tó tẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejìlá tí wọ́n fi ń ṣe àlejò lóore. Òun ló ń tún àgádágodo yàrá náà ṣe, kò sì ṣòro láti mọ bó ṣe ń wọlé ní òun nìkan.

“Gbogbo Ọjọ́rú tó ní òun ń jó géètì fún oníbàárà,” ni Ìyá Eléyín wí, ó ń nu ojú. “Géètì náà rèé.”

Bàbá Gáàdì ka ihò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá wọn yóò dín.

“Ó purọ́ fún mi.”

“Ó pa á fún èmi náà, Bàbá.”

Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń wo irọ́ náà. Nígbà tí bàbá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Ó ti tu ú nígbà mọ́kànlá kó tó fi í hàn wá. Ìyàwó, ẹ lọ mú ayùn yín wá.”

Ìyá Eléyín ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Káfíńtà kan pákó líle sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìlà. Ìyá Eléyín lu ihò gba inú wọn kọjá, ó sì gbin ìṣó idẹ sí i. Ó jó irin kọ́nà mọ́ orí ìṣó kékeré ní apá ọ̀tún àti apá òsì ìlà, kó má baà fò nígbà tí ayùn bá dé. Nígbà tó di gígé, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ sunkún, nítorí ìlà náà tín-ín-rín, omijé kò sì mọ ìwọ̀n. Ayùn náà lọ, ó bọ̀. Irin kan já, èkejì já. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà mí.

Ẹ̀là mẹ́ta gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní ilé ìkàwé, Káfíńtà wọn ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábìlì ti wọlé tán. Wọ́n ti ẹ̀là síra wọn, ìṣó idẹ wọ ihò rẹ̀, Ìyá Eléyín sì fi èékánná gba orí irin kọjá. Èékánná mọ ojú gígé náà, ṣùgbọ́n irin kò yẹ̀.

Ọkọ̀ gbéra. Nínú igbó Onígbàjámọ̀, ó kọ́kọ́ ṣubú, nítorí irun tó já bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti yẹ. Wọ́n gbé e dìde. Ó gun òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó dé kọ́nà, ó yí, ó kọjá. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ti ń gorí ojú ibi tí ayùn gbà, ó ń dún: kẹ-kẹ́, kẹ-kẹ́, kẹ-kẹ́.

Bàbá Gáàdì gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ dá a padà. Ẹ jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ.”

Wọ́n dá a padà. Ó di ojú, ìka rẹ̀ sì ń wá fèrè ní àyà, níbi tí kò ti sí fèrè láti ọdún tó ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, ó la ojú, ó rìn yí tábìlì ká, ó dúró níwájú irin gbọọrọ kan tó lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, láìní ìdíwọ́, láìní ariwo.

“Ọ̀gá,” ló wí fún Ìyá Eléyín, “ṣé a ò lè gé ibí yìí náà? Bíi mẹ́rin péré.”

Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èyí, ó wo irin náà.

“Ta ló ni ín, Bàbá?”

“Èmi ni. Mo yọ̀ǹda.”

Ìyá Eléyín ṣí báàgì rẹ̀, ó mú pẹ́ńsù jáde láti fa ìlà.