Ọjọ́ tí Alàájì Àsánì Ná Pápá Bàálù

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Alàájì Àsánì Ṣọlágbadé ní Okokomaiko, wọn yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó ṣàdúrà fún un. Ọjọ́ tó ná pápá bàálù ni wọ́n máa ń rántí. Fẹ́yìsetán, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ rẹ̀, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan ló wa ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìbà. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ní àwọn ò fẹ́ rí ọkọ̀ wọn mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá, iṣẹ́ sì fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Fẹ́yìsetán. Alàájì ní ìdíje ìwakọ̀ ńlá ló máa dá orúkọ àwọn padà. Ó wá ibi tí wọ́n máa lò títí tó fi rí pápá bàálù àtijọ́ kan lẹ́yìn Ọ̀tọ̀-Àwórì. Bàálù kì í bà síbẹ̀ mọ́, àmọ́ ọ̀dà tí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣì gùn, ó sì tọ́. Bàbá Ẹ̀hìndé ni olórí ẹbí tó nilẹ̀, Alàájì àti Fẹ́yìsetán sì lọ bá a lórí pápá náà.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà fún ọjọ́ kan," Bàbá Ẹ̀hìndé wí láti orí àga rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gba ogójì," Alàájì dáhùn.

"Ogójì? Pápá bàálù?"

"Ewúrẹ́ nìkan ni mo rí níbẹ̀, Bàbá."

"Àwọn yẹn, ọmọ ilé ni wọ́n. Ìwọ ni àlejò."

Alàájì bá ṣe bó ṣe máa ń ṣe ní Ọjà Àlàbá: ó kẹ̀yìn sí ọlọ́jà, ó ń lọ. Ní Àlàbá, kì í kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí wọ́n tó pè é padà. Ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́ọ̀bù lórí pápá bàálù. Kò sí kọ̀rọ̀ tó lè yà sí, kò sì sí igi tó lè dúró sí abẹ́ rẹ̀. Bó bá sì wẹ̀yìn pẹ́nrẹ́n, owó ti lé nìyẹn. Ó ń lọ ṣáá nínú oòrùn, agbádá rẹ̀ ń kéré sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é," Fẹ́yìsetán bẹ̀bẹ̀. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Ṣé èmi ni mo lé e ni?"

Alàájì rìn dé ibi tí ọ̀dà ti parí. Ó dúró, ó kọjú sí igbó bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Nígbà tó pé ìdajì wákàtí, àánú ṣe Bàbá Ẹ̀hìndé.

"Lọ fi mọ́tò gbé e wá. Ọgọ́rin ni mo gbà. Ṣùgbọ́n láfún tí àwọn obìnrin wa sá sórí ọ̀dà ò ní kúrò o."

Alàájì wọ ọkọ̀ tí Fẹ́yìsetán wà lọ bá a, ó nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ṣé òun ló ní o pè mí?"

"Òun ni, sà."

"Kí ló ti ń ṣe látàárọ̀?"

Láfún náà ló wá dá ìdíje ọ̀hún lọ́lá. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá kan láfún ti fìdí rẹmi. Ìyá Ṣàkírát tó ni láfún dúró tì í pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń rọra yípo bí ẹni gbé ẹyin. Òkìkí kàn dé ìlú Ọjọ́, akẹ́kọ̀ọ́ padà wá. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe é láti ìgbà náà, lọ́dọọdún náà ni Alàájì àti Bàbá Ẹ̀hìndé ń bẹ̀rẹ̀ owó náà láti orí igba.

Alàájì ò mọ ohun tí wọn kì í ná. Dókítà ní kó sinmi fún oṣù mẹ́ta, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun ní. Wọ́n parí rẹ̀ sí oṣù kan. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ló kú jẹ́jẹ́ lójú oorun.

Ilé ẹ̀kọ́ náà wá bọ́ sọ́wọ́ Fẹ́yìsetán. Ó gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ ra pápá náà, ó sì mọ̀ pé bí pápá bá lọ, ilé ẹ̀kọ́ náà lọ nìyẹn. Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ̀hìndé pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba," Bàbá wí.

Fẹ́yìsetán kò mọ ibi tó ti máa rí i. "Mo gbà, Bàbá. A máa san án."

Bàbá Ẹ̀hìndé wo ọ̀dà náà lọ títí.

"O gbà?"

"Mo gbà, sà."

"Mi ò tà á fún ẹnikẹ́ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ná an, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, ná an."

Àárò Alàájì sọ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Omi lé ròrò sójú Fẹ́yìsetán.

"Ẹ gba ogójì, Bàbá."

Bàbá Ẹ̀hìndé fi etí fìlà nu ojú, ó fa àga kan sún mọ́ ọn, ó ní kó jókòó, torí ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́.